Lífítì ọkọ̀ nínú ọgbà ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó san owó?

Olùbéèrè, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọkọ̀ mẹ́ta ló wà nínú ọgbà wa: Corolla tèmi, Sienna tí ìyàwó mi fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé, àti Highlander tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa nítorí pé Èkó ló ń gbé, tí kì í sì í lò ó àfi bí ó bá wálé fún Iléyá àti Ojúde Ọba. Ó ti tó ọdún méje tí mo ti ń fi ọwọ́ ara mi pààrọ̀ ọ́ìlì, bíréèkì àti ṣọ́kì àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ní ọjọ́ Sátidé, orí jáàkì ni mo sì máa ń gbé wọn lé. Ẹ̀yìn mi kò gba ìdùbúlẹ̀ mọ́, ẹ̀rù sì ti ń bà mí láti ọjọ́ tí jáàkì kan yọ̀ lábẹ́ Sienna nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ara mi jáde tán.

Mo fẹ́ ra lífítì tí yóò máa gbé ọkọ̀ sókè. Ibi tí mo fẹ́ gbé e sí ni abẹ́ òrùlé páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹsẹ̀ bàtà 22 ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 14 ní ìbú, ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gíga. Íńtálọ́kì ló wà ní iwájú, kọnkéré tí wọ́n lẹ táìlì mọ́ ló wà ní ẹ̀yìn. Ẹnì kan tí ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ti fi fọ́tò lífítì olópòó méjì ránṣẹ́ sí mi, ó ní ó lè gbé tọ́ọ̀nù 4, ó sì ń rọ̀ mí pé kí n tètè san owó kí ẹlòmíràn má bàa gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Kọ́lékọ́lé, Ṣàgámù

Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ tí lífítì yóò dúró lé lórí ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà òrùlé, kí ọ̀rọ̀ tó kan lífítì fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí òpó méjì ń ṣe sí ilẹ̀. Apá mẹ́rin tí ń gbé ọkọ̀ nà jáde láti ara òpó, nítorí náà ọkọ̀ kò jókòó sórí òpó gan-an. Ó rọ̀ mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́ inú. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò nílẹ̀, ṣe ni orí òpó méjèèjì ń fẹ́ tẹ̀ sí ara wọn, rọ́ọ̀bóòtù, ìyẹn bóòtù tí a fi ń de òpó mọ́ ilẹ̀, tó wà ní ẹ̀yìn ìdí òpó á sì máa fẹ́ fà yọ kúrò nínú kọnkéré. Irin lè lágbára tó láti gbé tọ́ọ̀nù 4, síbẹ̀ bí kọnkéré kò bá lè di bóòtù mú, òpó yóò ṣubú pẹ̀lú ọkọ̀ àti ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí ń ṣe lífítì olópòó méjì máa ń béèrè ni kọnkéré tí ó nípọn tó ínǹṣì 4 ó kéré tán, tí agbára rẹ̀ tó 3,000 psi (ìwọ̀n bí kọnkéré ṣe lè gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó kí ó tó fọ́). Àwọn mìíràn béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé tí ó bá lífítì wá ni kí ẹ sì tẹ̀ lé. Ẹ fi èyí wé jámánì fúlọ́ọ̀ tí àwa bíríkìlà máa ń dà sínú ọgbà. Ẹsẹ̀ ènìyàn àti táyà ọkọ̀ tí ń kọjá ni a ṣe é fún. A máa ń po ó ní 1:2:4, ìyẹn sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin, èyí kò sì ní dé agbára tí mo dárúkọ yẹn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń po ó ní 1:3:6. Mo ti gé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ju ínǹṣì 2 lọ ní apá kan, tí ó sì tó 4 ní apá kejì, nítorí pé wọn kò lu ilẹ̀pa ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Ojú kò lè rí i láti òkè, pàápàá bí táìlì bá ti bò ó.

Ẹ yọ táìlì mẹ́rin níbi tí ìdí òpó yóò wà, kí ẹ fi díríìlì lu ihò tóóró já ìsàlẹ̀. Ẹ tẹ orí wáyà líle bí ìkọ́, ẹ tì í wọ inú ihò náà, ẹ fà á títí yóò fi kọ́ etí ìsàlẹ̀ kọnkéré, kí ẹ sàmì sí i, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Bí wáyà bá ń mì káàkiri nísàlẹ̀ láìkan ilẹ̀, ihò ti wà lábẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ilé náà ibi tí sókáwéè àti ṣáláńgá àtijọ́ wà, nítorí mo ti rí ibi tí wọ́n da kọnkéré lé ẹnu ṣáláńgá tí wọ́n sì sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Íńtálọ́kì kò ṣeé lò rárá. Orí yanrìn ni òkúta kéékèèké náà jókòó sí, kò sí èyí tó di ìkejì rẹ̀ mú débi pé bóòtù yóò rí nǹkan gbá mọ́. Táìlì náà kò ní agbára kankan fún iṣẹ́ yìí. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò níbi tí ìdí òpó yóò jókòó sí.

Bí ilẹ̀ yín bá fẹ́lẹ́, ẹ má jẹ́ kí ó kó yín láyà sókè. Bí ó bá jẹ́ ilé tèmi ni, n óò gbẹ́ ilẹ̀ láti ìdí òpó kan dé ìdí ìkejì, ẹsẹ̀ bàtà 13 ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, ínǹṣì 12 ní jíjìn, n óò lu ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, n óò to róòdù 12 mm sí òkè àti sí ìsàlẹ̀, n óò sì da kọnkéré 1:1:2 sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìdúró. Yóò gba nǹkan bí àpò sìmẹ́ńtì 16 tàbí 17. Kí àkọlé ara àpò jẹ́ 42.5, ìyẹn ìwọ̀n agbára sìmẹ́ńtì náà, nítorí pé láti ọdún 2014 ni SON, àjọ tí ń ṣètò ìwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, ti fi sìmẹ́ńtì 32.5 mọ sí iṣẹ́ rírẹ́ ògiri nìkan. Omi tí ẹ óò fi po ó kò gbọdọ̀ pọ̀. Gbogbo bíríkìlà ló fẹ́ràn kọnkéré tó ń ṣàn bí ògì nítorí pé kò ni wọ́n lára láti tẹ́, ṣùgbọ́n omi àpọ̀jù yẹn gan-an ló ń jẹ agbára rẹ̀. Ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí ẹ máa bomi rin ín ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ má sì lu ihò bóòtù kankan kí ó tó pé ọjọ́ 28.

Mẹkáníìkì, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Bọ̀dá mi láti Ṣàgámù ti sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kò ku nǹkan kan fún mi láti fi kún un. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa gíga òrùlé, nítorí pé ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò.

Ẹsẹ̀ bàtà 10 jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.05. Gíga Highlander fúnra rẹ̀ tó mítà 1.75. Bí ẹ bá gbé e títí tí òkè rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan páànù, mítà 1.3 péré ló kù lábẹ́ táyà, ẹ óò sì máa ṣiṣẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Corolla kéré sí i, ó tó mítà 1.45 sí 1.5, síbẹ̀ orí yín yóò ṣì máa gbá a. Ọ̀pọ̀ lífítì olópòó méjì tó ní irin ìdábùú lókè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 12, nítorí náà kò tilẹ̀ lè wọ abẹ́ òrùlé yín. Oríṣi kan wà tí kò ní irin lókè, tí okùn irin àti páìpù rẹ̀ gba ilẹ̀ kọjá lábẹ́ ìderí irin. Ó kúrú, ó bá òrùlé kékeré mu, ṣùgbọ́n ìderí náà máa ń dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó bá fẹ́ ti ẹ̀rọ gíá kọjá lábẹ́ ọkọ̀. Páànù ni òrùlé yín, kì í ṣe dẹ́kìn. Wẹ́dà lè fi irin gùn ún sókè dé ẹsẹ̀ bàtà 13. Ìyẹn ni èmi yóò ṣe.

Ní ti agbára, tọ́ọ̀nù 4 ti pọ̀ tó fún yín. Corolla wúwo tó tọ́ọ̀nù 1.3, Sienna àti Highlander wà ní agbègbè tọ́ọ̀nù 2. Àmọ́ ẹ rántí pé àpapọ̀ apá mẹ́rin ni tọ́ọ̀nù 4 náà. Apá kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ gbé ju tọ́ọ̀nù kan lọ, iwájú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wà ló sì wúwo jù.

Ibi tí ẹ óò ti gbé ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì gidigidi. Mẹ́ta tí ẹ ní kò ní ṣásì ọ̀tọ̀ bíi ti Hilux. Etí irin tó wà lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni a fi ń gbé wọn, ilé iṣẹ́ sì ti ṣe àmì síbẹ̀. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ti lò ní ibi tí yìnyín ń bọ́ ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà máa ń dípẹtà níbẹ̀, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì láti yọ́ yìnyín. Ẹ fi sukurudíráfà gún etí náà dáadáa kí ẹ tó gbé ọkọ̀ rí. Bí ó bá wọlé, ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ náà níbẹ̀.

Bí a ṣe ń gbé e rèé. Ẹ gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kí táyà má kan ilẹ̀ mọ́, ẹ dúró, ẹ yẹ rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní orí apá lífítì wò, kí ẹ sì mi ìdí àti iwájú ọkọ̀ pẹ̀lú agbára. Bí kò bá yẹ̀, ẹ tẹ̀síwájú, kí ẹ máa gbọ́ ìró ìdábùú rẹ̀, ìyẹn irin tí ń dì í mú kí ó má já bọ́, nínú òpó méjèèjì, ká-ká-ká. Bí ó bá dé gíga tí ẹ fẹ́, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ kí ó jókòó sórí ìdábùú irin. Orí ọ́ìlì tí ń tì í sókè nìkan kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń fi ọkọ̀ sí kó wá wọ abẹ́ rẹ̀. Páìpù kan lè bẹ́ nígbàkigbà. Mo ti rí ẹnì kan tó yọ ẹ́ńjìnnì kúrò níwájú lórí lífítì láìfi òpó gíga gbé ìdí ró, ìdí sì rọ̀ sílẹ̀ lójijì. Ọlọ́run ló yọ ọmọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Ní ti tòkunbọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà fún yín: mi ò kọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ má rà á lórí fọ́tò. Ẹ wo ojú ìdè gbogbo apá, ẹ wo okùn irin bóyá fọ́nrán rẹ̀ kan ti já, ẹ wo irin tí ń dá apá dúró kí ó má baà yí, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè níwájú yín, kí ó wà lókè fún wákàtí kan. Bí kò bá ní ìwé, bí àkọlé tọ́ọ̀nù kò bá sí lára rẹ̀ mọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Ará Òdogbolú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti olópòó mẹ́rin, nítorí òun ni mo ní láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Táyà ọkọ̀ ló ń gun orí pákó irin méjì, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ ń gbéra. Òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tẹ ilẹ̀ ní gbọọrọ, kò sí ohun tí ń fẹ́ fa bóòtù yọ, nítorí náà ilẹ̀ mi tó nípọn ní ínǹṣì 4 gbà á láìsí wàhálà. Mo ń fi ọkọ̀ kan sókè, mo sì ń gbé èkejì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín tó fi Highlander sílẹ̀ yóò fẹ́ràn ìyẹn. Àbùkù rẹ̀ ni pé táyà kò rọ̀ sílẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ṣe bíréèkì, mo nílò jáàkì tí ń yí lórí afárá láàárín pákó méjèèjì, owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì tà á fún mi. Ẹ ra àwo tí ń gba ọ́ìlì tó ń kán pẹ̀lú rẹ̀.

Oníṣẹ́ iná, Ìpẹ̀rù

Mo rí i pé kò sí ẹni tó tíì mẹ́nu ba iná, bẹ́ẹ̀ ohun tí yóò dá yín dúró láàárín iṣẹ́ gan-an nìyẹn.

Ẹ̀rọ tí ń fún lífítì ilé ní agbára sábà máa ń jẹ́ kílówáàtì 2.2, ìyẹn agbára ẹṣin 3. Bí ó bá ti ń yí, ó ń gba nǹkan bí ámpíà 15 lórí iná 220, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, ó lè gba ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fa wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti inú àpótí iná, 4 mm bí ó bá sún mọ́ ọn, 6 mm bí ó bá jìnnà, kí ẹ fi bíréékà tirẹ̀ sí i, kí wáyà ilẹ̀ sì dé ara òpó. Kí ẹ má ṣe fi wáyà àfikún tí ẹ fi ń lo fáànù gbé e. Iná tó bá ti wálẹ̀ sí 170 kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbéra. Yóò kùn, yóò gbóná, wáyà inú rẹ̀ yóò sì jó.

Èyí tó ká mi lára jù rèé, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka ìjíròrò yìí fi sọ́kàn. Bí mẹkáníìkì wa ṣe sọ, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sórí ìdábùú irin. Láti tú ìdábùú náà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀ kí ẹ tó lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí ọkọ̀ wà lókè, ọkọ̀ yín kò ní sọ̀kalẹ̀ títí iná yóò fi dé. Ó ṣẹlẹ̀ sí ìdílé kan tí mo ń ṣiṣẹ́ fún ní Rẹ́mọ níbí: aboyún wà nínú ilé, òru ni, ọkọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ní wà lókè, wọ́n ní láti lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Nítorí náà, ẹ ní jẹnẹrétọ̀ tí kò kéré sí 7.5 kVA, tàbí kí ẹ béèrè lọ́wọ́ olùtajà bóyá lífítì náà ní páǹpù ọwọ́. Ínfátà 3.5 kVA yóò kú ní kété tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì.

Ẹ tún ka àkọlé ara ẹ̀rọ tòkunbọ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ 380 tàbí 400, féèsì mẹ́ta ló ń lò, kò ní bá ilé onífẹ́ẹ̀sì kan mu. Bí ó bá jẹ́ 60 Hz (iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) láti Amẹ́ríkà, tiwa jẹ́ 50. Yóò yí díẹ̀díẹ̀, yóò sì tètè gbóná. A lè pààrọ̀ ẹ̀rọ náà nìkan, àmọ́ ẹ ṣírò owó yẹn mọ́ ọn kí ẹ tó sọ pé ó pọ́ọ́kú.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú làálàá. Ọkọ mi ní irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni mo ní: ẹ fi àgádágodo sí ibi tí a ti ń tan iná rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àgbàlagbà. Ọmọ wa ọdún mẹ́fà ti tẹ bọ́tìnì náà rí nígbà tí bàbá rẹ̀ wọlé lọ mu omi. Apá lífítì tí kò gbé nǹkan kan náà gbọ́dọ̀ wà ní kíká sẹ́yìn, torí pé orí ọmọdé ló bá dọ́gba. Bí ọgbà yín kò bá ní ògiri ní ẹ̀gbẹ́, ẹ wá nǹkan bo ẹ̀rọ rẹ̀ kí òjò má máa pa á.

Olùbéèrè, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti lu ihò mẹ́rin bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é. Ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì 3, méjì jẹ́ 2 àti àbọ̀, ẹ̀kẹrin jẹ́ 2, wáyà sì ń mì lábẹ́ rẹ̀ láìkan nǹkan kan. Ẹni tó kọ́ ilé náà ti dolóògbé, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ fi ibi tí sókáwéè wà hàn mí; ẹ̀yìn ògiri ni, ó tó ẹsẹ̀ bàtà 9 sí ibi tí òpó yóò wà. Mo béèrè fọ́tò àkọlé ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ta lífítì fún mi. 400 ló wà níbẹ̀, féèsì mẹ́ta. Mo ti sọ fún un pé mi ò rà á mọ́.

Bíréèkì àti ṣọ́kì ni mo ń ṣe jù, nítorí náà olópòó méjì ni n óò rà, tuntun, onífẹ́ẹ̀sì kan, tó ní irin lókè. Wẹ́dà yóò gbé òrùlé dé ẹsẹ̀ bàtà 13. Mo fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí àlejò Ojúde Ọba bá ti lọ tán. Ṣé òjò kò ní ba kọnkéré náà jẹ́? Ṣé kí n sì da ilẹ̀ kí lífítì tó dé, àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Kọ́lékọ́lé, Ṣàgámù

Ẹ̀gbọ́n, lábẹ́ òrùlé ni, òjò kò lè ṣe é ní ibi bí ẹ kò bá ti jẹ́ kí àgbàrá wọ inú kòtò kí ẹ tó dà á. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù dí ẹ̀gbẹ́ tí omi ti ń wá. Bí omi bá wọ̀ ọ́, ẹ gbọ́n ọn tán, kí ẹ sì gé ẹrẹ̀ tó rọ̀ kúrò. Ẹ má ṣe da kọnkéré lé ẹrẹ̀.

Kí lífítì tó dé ni kí ẹ ti dà á, nítorí ọjọ́ 28 yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gba àwòrán ìdí òpó lọ́wọ́ olùtajà kí a tó to róòdù, kí ẹ gé páálí ní ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì lu ihò bóòtù sára páálí náà. A óò tẹ́ páálí sórí róòdù, a óò sún gbogbo róòdù tó bá bọ́ sábẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́. Bí díríìlì bá lọ gbá róòdù lọ́jọ́ tí ẹ ń lu ihò, ihò náà kò ní jìn tó, àwọn oníṣẹ́ á sì fẹ́ gé bóòtù kúrú kí iṣẹ́ lè parí. Ẹ má gbà fún wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lu ihò, kí wọ́n fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde pátápátá, kí wọ́n fi sípánà tí ń wọn agbára dè é dé iye tó wà nínú ìwé, kí ẹ sì tún dè é lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ ti lò ó.

Ẹ ya fọ́tò róòdù náà kí ẹ fi hàn wá níbí kí wọ́n tó po sìmẹ́ńtì.

Olùbéèrè, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo gbọ́, àbúrò mi. Olùtajà ti fi àwòrán ránṣẹ́ ní àárọ̀ yìí, bóòtù márùn-ún ni ní ìdí òpó kọ̀ọ̀kan, mo sì ti ń gé páálí náà lọ́wọ́.